Orí Kẹrin: Kíkọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Omi ní Yunifásítì

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn, ẹ̀mí tó bá a lọ sì lé ní igba. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò tó tó mìlímítà 187.5 rọ̀ sórí ìlú kan náà láàárín wákàtí díẹ̀. Ó wó afárá, ó gbé ilé lọ, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Inú oṣù kẹjọ ni méjèèjì ṣẹlẹ̀, oṣù tí gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ kó tó padà dé. Ẹni tó bá fi ìpíndọ́gba òjò oṣù kẹjọ ṣírò ojú omi abẹ́ afárá, afárá tí omi yóò gbé lọ ló ń kọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹnjiníà omi ti bẹ̀rẹ̀: kó mọ iye omi tó lè dé lọ́jọ́ tó burú jù, kó mọ iye tí yóò ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tí ọ̀dá bá dá, kó sì kọ́ ohun tó lè fara da méjèèjì.

Ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì Nàìjíríà ni mo kọ orí yìí fún, àti òbí tó ń bi í pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó o dì mú láti ọdún kìíní títí dé ọdún karùn-ún: omi tí o kò bá wọ̀n, o kò lè kápá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń parí ẹ̀kọ́ yìí láì tíì fi ọwọ́ ara wọn wọn odò kan rí. Ìdánwò wọn dára, ìwé ẹ̀rí wọn dára, ṣùgbọ́n bí o bá mú wọn dé etí odò, tí o ní kí wọ́n fojú díwọ̀n iye omi tó ń kọjá, wọn kò ní mọ̀ bóyá igba lítà ni tàbí ẹgbẹ̀rún méjì. Má jẹ́ kí tìẹ rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ẹ̀kọ́ náà àti ibi tí a ti ń kọ́ ọ

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, abẹ́ ẹ̀ka Civil Engineering ni ẹ̀kọ́ omi wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ nípa títì, ilé àti afárá, á sì kọ́ nípa omi pẹ̀lú wọn. Ní Yunifásítì Ìlọrin àti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ẹ̀ka náà dá dúró, Water Resources and Environmental Engineering ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ní apá tó jẹ mọ́ ilẹ̀ àti omi. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bíbomirin oko ti jinlẹ̀ jù.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka kan tó ń kọ́ nípa ìṣàkóso omi àti ojú ọjọ́ fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni, ó sì wúlò gan-an, àmọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni; kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bí o bá fẹ́ kí COREN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà, forúkọ rẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ẹ̀rọ ni kó o wá, èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní B.Eng. Kó o tó kọ orúkọ yunifásítì sínú fọ́ọ̀mù JAMB, béèrè ohun méjì: ṣé NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ti fọwọ́ sí ẹ̀ka yìí, ṣé COREN náà ti fọwọ́ sí i? Má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù. Lọ sí ẹ̀ka náà fúnra rẹ, tàbí kí o rán ẹni tó o fọkàn tán.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé Civil Engineering ni wọ́n béèrè, àyè kò sí, ni wọ́n bá dà wọ́n sí ẹ̀ka omi. Bí ó bá jẹ́ bí tìẹ ṣe rí nìyẹn, má bara jẹ́. Ìlú tí kò ní omi ẹ̀rọ kò níye ní ilẹ̀ wa, omíyalé sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ tí kò ní tán lójú ayé rẹ.

Ohun tó yẹ kó o ní lọ́wọ́

Krẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́místrì àti ẹyọ kan sí i. Iṣẹ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn náà ni wàá ṣe nínú JAMB. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà; ẹni tó bá gba Direct Entry wọlé yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Jọ́gíráfì kò pọn dandan, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń bọ̀ mọ máàpù kà dáadáa, kó mọ ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, torí pé orí máàpù ni a ti ń mọ ibi tí omi ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ.

Inú ìṣirò ni ọ̀rọ̀ wà. Ìṣirò yìí yóò bá ọ dé ọdún karùn-ún, kò sì sí ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan níbẹ̀. Bí o bá ti sá fún calculus ní ọdún kìíní, ọdún kẹta ni yóò dá ọ lẹ́jọ́.

Láti ọdún kìíní dé ọdún karùn-ún

Ọdún kìíní àti ọdún kejì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹnjiníà yòókù: ìṣirò, físíìsì, yíya àwòrán ẹ̀rọ, agbára ohun èlò, àti kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọdún kẹta ni ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ omi ṣí. Fluid mechanics, ẹ̀kọ́ nípa bí omi ṣe ń ṣàn, ń bẹ níbẹ̀; hydrology, ẹ̀kọ́ nípa òjò àti odò, ń bẹ níbẹ̀; soil mechanics àti wíwọn ilẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Fluid mechanics ló ń fa karí-ófà, ìyẹn iṣẹ́ tí èèyàn fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tó sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, jù, ohun tó sì ń fà á ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há fọ́múlà sórí láì ya àwòrán. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o kọ́kọ́ ya páìpù tàbí odò náà, kí o fi ọfà sí ibi tí omi ń gbà, kí o kọ òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, kí o tó ronú kan fọ́múlà rárá. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe inú ìdánwò ló jẹ́ ti òṣùwọ̀n: ẹni kan fi lítà pọ̀ mọ́ kúbíkì mítà, ẹlòmíì fi wákàtí pọ̀ mọ́ ìṣẹ́jú àáyá.

Nínú hydrology ni wàá ti kọ́ bí a ṣe ń sọ òjò di iye omi tó máa dé ojú àgbàrá. Fọ́múlà kan wà tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ gọ́tà àdúgbò ń lò: fi nọ́ńbà tó dúró fún irú ilẹ̀ náà sọ agbára òjò ní mìlímítà fún wákàtí kan di púpọ̀, fi ìwọ̀n ilẹ̀ ní hẹ́kítà sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o wá fi 360 pín in. Ohun tó bá jáde ni iye kúbíkì mítà omi tó ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Jẹ́ ká fi ṣe iṣẹ́. Ilẹ̀ kan jẹ́ hẹ́kítà 40, igbó àti oko ló wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 0.3. Òjò rọ̀ ní mìlímítà 90 fún wákàtí kan. Bí o bá ṣírò rẹ̀, kúbíkì mítà 3 ni yóò máa dé ìsàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti pín ilẹ̀ náà ní púlọ́ọ̀tì. Páànù bo òrùlé, kọnkéré bo àgbàlá, nọ́ńbà náà sì ti di 0.7. Òjò kan náà rọ̀, kò fi ẹ̀kán kan pọ̀ ju tàtijọ́ lọ. Kúbíkì mítà 7 ló dé. Gọ́tà tí wọ́n kọ́ fún 3 kò lè gba 7, àgbàrá á sì ya wọ ilé. Àwọn ará àdúgbò á ní òjò ayé òde òní ti le ju ti àtijọ́ lọ. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ níbòmíì, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò yìí, ilẹ̀ ló yí padà. Ẹnjiníà tó bá mọ èyí yóò lè bá ìgbìmọ̀ ìlú sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àwòrán ilé.

Ohun kejì tí wàá kọ́ ni ìṣeéṣe. Wàá máa gbọ́ nípa àkúnya ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lọ́dọọdún, ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ni àyè pé ó máa ṣẹlẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, kó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ilé sí ibi tí irú àkúnya bẹ́ẹ̀ ń dé, tó sì gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ìṣeéṣe pé omi yóò wọlé tọ̀ ọ́ láàárín ọgbọ̀n ọdún náà jẹ́ nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Kọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò lọ sí yunifásítì, torí pé òun ni yóò gbé inú ilé náà.

Ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún ni ti dáàmù, bíbomirin oko, omi abẹ́ ilẹ̀, ìpèsè omi ìlú àti ìtọ́jú omi ìdọ̀tí. Nínú omi abẹ́ ilẹ̀, kọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín Ìbàdàn àti Èkó títí yóò fi yé ọ yékéyéké. Orí àpáta àtayébáyé ni Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta jókòó sí. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta náà, àti inú àwọn ibi tí àpáta ti là, ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹni kan fi ń gbẹ́ bọ́hóòlù tó ń rí omi, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ń gbẹ́ tirẹ̀ tí kò rí nǹkan kan. Yanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ Èkó, omi pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á jù létí òkun, omi iyọ̀ á wọlé. Wọn yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń rán iná mànàmáná díẹ̀ sínú ilẹ̀ láti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ. Ní ti ìtọ́jú omi mímu, ìlànà rẹ̀ kò le: álọ́ọ̀mù láti kó ìdọ̀tí jọ, àyè láti jẹ́ kó silẹ̀, yanrìn láti sẹ́ ẹ, kílóríìnì láti pa kòkòrò. Bí o bá wà nítòsí Ìbàdàn, bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n mú yín lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀nà láti ọdún 1942. Lílọ ọjọ́ kan yóò kọ́ ọ ju ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú kíláàsì lọ.

Bí o ṣe máa wọn omi fúnra rẹ

Apá yìí ni mo fẹ́ kó o kà lẹ́ẹ̀mejì.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òjò. Mìlímítà òjò kan lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan ni. Bí òrùlé ilé yín bá jẹ́ mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, tí òjò mìlímítà 20 sì rọ̀, lítà 2,000 ló dà sórí rẹ̀, ìyẹn tánkì ńlá kan. Gbé agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà sí gbangba, níbi tí igi tàbí ògiri kò ti ní ṣíji bò ó. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kí o sì dà á nù. Kọ òdo sílẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀. Àyè tí o fi sílẹ̀ lófìfo kò jọ òdo rárá. Ẹni tó bá ka ìwé rẹ lẹ́yìn náà kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ tàbí ìwọ lo gbàgbé.

Lẹ́yìn náà, lọ sí odò. Wá ibi tí odò kékeré kan ti lọ tààrà, tí kò sí òkúta ńlá tàbí ẹ̀ka igi láàárín. Fi okùn wọn mítà mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o gún èèkàn mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ju ọsàn sínú omi díẹ̀ ṣáájú èèkàn kìíní. Ọsàn dára ju ègé igi lọ, torí pé ó máa ń rì díẹ̀, atẹ́gùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tì í kiri. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 20 dé èèkàn kejì, eré rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi òkè máa ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà a máa ń fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó di 0.425. Wá wọn ìbú odò náà, kí o fi ọ̀pá wọn jíjìn rẹ̀ ní ibi márùn-ún ó kéré tán. Bí ìbú bá jẹ́ mítà 4, tí ìpíndọ́gba jíjìn sì jẹ́ ààbọ̀ mítà, omi tó ń kọjá jẹ́ lítà 850 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o mú ìpíndọ́gba.

Padà sí ibi kan náà nínú oṣù kejì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí o tún padà nínú oṣù kẹsàn-án. Ìyàtọ̀ tí wàá rí láàárín méjèèjì ló ń sọ ìdí tí a fi ń kọ́ dáàmù. Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa: má dá lọ, má sì wọnú odò tó ń kún. Omi tó dé orúnkún tó sì ń sáré lè gbé géńdé ṣubú. Lọ́jọ́ àkúnya, dúró sórí afárá, kí o wọn gíga omi láti ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dáàmù Ọ̀yàn

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí lójú ayé, kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ dáàmù Ọ̀yàn nítòsí Abẹ́òkúta. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, ó lè gba nǹkan bí mílíọ̀nù 270 kúbíkì mítà, àjọ Ogun-Oshun River Basin Development Authority ló sì ń bójú tó o. Omi rẹ̀ ń lọ fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, òjò a pọ̀, dáàmù a sì máa kún. Bí ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀ bá di gbogbo omi náà mú, tí òjò ńlá sì tún rọ̀, ó di dandan kó tú omi púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, odò Ògùn á sì ya wọ ilé àwọn èèyàn ní ìhà Ìṣẹri, Kara àti Mile 12. Bí ó bá tètè tú omi sílẹ̀, tí òjò sì dá, ẹ̀rọ omi ìlú lè máà rí omi tó fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kò sí fọ́múlà tó lè gba ẹnjiníà náà lọ́wọ́ ìpinnu yìí. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni àkọsílẹ̀ òjò àti ti odò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́, àti NIHSA, àjọ tó ń wọn omi odò, ń gbé jáde lọ́dọọdún. Ka àwọn ìwé àsọtẹ́lẹ̀ wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá jáde. Nígbà tí ọdún bá parí, tún wọn kà, kí o wo èyí tó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ.

SIWES, kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ àṣekágbá

Oṣù mẹ́fà SIWES, ìyẹn kíkọ́ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó sábà máa ń bọ́ sí ọdún kẹrin, ni àǹfààní tó tóbi jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ṣòfò jù. Má lọ sí ọ́fíìsì tó jẹ́ pé tíì lo máa máa sè fún ọ̀gá. Kọ lẹ́tà rẹ ní kùtùkùtù sí àjọ odò, sí ilé iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀, tàbí sí àwọn tó ń gbẹ́ bọ́hóòlù. Ní tèmi, ilé iṣẹ́ kékeré tó ń gbẹ́ bọ́hóòlù lójoojúmọ́ dára ju ọ́fíìsì ńlá tí ẹ̀rọ ìtutù wà lọ, torí pé wàá rí òkúta tó ń jáde láti inú ilẹ̀, wàá sì rí bí a ṣe ń dán agbára kànga wò. Kọ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń kọ ti oṣù mẹ́fà ní ọjọ́ méjì, olùkọ́ wọn máa ń mọ̀.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni èyí tó dára jù lára ètò tó o nílò. HEC-RAS wà fún odò àti àkúnya, EPANET wà fún páìpù omi ìlú, QGIS wà fún máàpù. Àkọsílẹ̀ gíga ilẹ̀ tí ọkọ̀ òfuurufú NASA kó jọ ní ọdún 2000 náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí o ṣọ́ra, o. Bí o bá fi nọ́ńbà irọ́ bọ́ àwọn ètò yìí, àwòrán aláràbarà ni wọn yóò ṣì gbé jáde fún ọ, ẹni tó bá wò ó á sì gbà á gbọ́. Àwọn nọ́ńbà tí o fi ọwọ́ ara rẹ wọ̀n ló lè sọ fún ọ bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn ọ́.

Ìyẹn ló mú kí n máa gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn pé odò tó sún mọ́ ọgbà ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Àwọn tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní dáàmù Awba nínú ọgbà, àwọn ti Ifẹ̀ ní odò Ọ̀pá, àwọn ti Ìlọrin ní odò Asà nítòsí. Odò tí o lè fi ẹsẹ̀ rìn dé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sàn ju odò ńlá tí o kò ní rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lẹ́yìn tí o bá jáde

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ ìjọba kò pọ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àwọn àjọ odò tí ìjọba dá sílẹ̀ láti ọdún 1976 ṣì ń gbani, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jáde ló ń bá àwọn kọngílá, àwọn ayàwòrán gọ́tà àti títì, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta omi, àti àwọn àjọ aláàánú ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìnlú NYSC, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ètò ìforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú COREN, kí wọ́n má sì fi ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ wa, NSE, sílẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú, IHE Delft ní Netherlands ti ń kọ́ni nípa omi láti ọdún 1957. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà náà ní ilé ẹ̀kọ́ omi àti agbára ní Tlemcen, ní Algeria. Ẹni tó gbọ́ Faransé lè wo ilé ẹ̀kọ́ omi tó wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ odò wa ni kò sẹ́ni tó ń wọn ọ́n, ìwé àkọsílẹ̀ òjò tó wà nílẹ̀ sì lábùkù púpọ̀. Bí o bá fẹ́ kúrò ní yunifásítì, ṣe ẹ̀dà ìwé tí o kọ òjò àti odò sí, pẹ̀lú déètì àti orúkọ ibi tí o ti wọ̀n ọ́n, kí o fi í sílẹ̀ ní ilé ìkàwé ẹ̀ka rẹ, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ má baà bẹ̀rẹ̀ láti òfo.